Sọ́fúwíà kọ̀, kò wọlé sórí Ubuntu tuntun yín? Ẹ ka ohun tó kọ síbẹ̀ ná

Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò lórí Windows wá sórí Ubuntu. Látìgbà tí Microsoft ti parí àtìlẹ́yìn Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 làwọn tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí ti ń pọ̀ sí i, ìbéèrè wọn ò sì yàtọ̀ síra: mo fẹ́ fi app kan sí i, ó kọ̀, ó wá da Gẹ̀ẹ́sì rẹpẹtẹ sójú mi, kí ni kí n ṣe? Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ má sáré lọ kó kómáǹdì tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì dà síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn sọ, torí lọ́pọ̀ ìgbà inú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni oògùn ẹ̀ wà. Ubuntu 24.04 ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ .exe ná. Fáìlì tórúkọ ẹ̀ bá fi .exe tàbí .msi parí, ti Windows ni, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí dọ̀la, kò ní ṣí. Ti Ubuntu ni .deb, àmọ́ .deb gan-an kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wá. Lórí Windows ó ti mọ́ wa lára ká lọ sórí wẹ́ẹ̀bù, ká wá ibi dánlóòdù, ká máa tẹ Next, Next, Next. Ibí ò rí bẹ́ẹ̀. Àká ni Ubuntu ní, àká ńlá kan tí wọ́n to ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́fúwíà sí, ẹ kàn máa rán apt, irinṣẹ́ tó ń kó sọ́fúwíà jáde látinú àká yẹn, níṣẹ́ ni pé kó lọ bá yín mú un wá, inú tẹ́mínà, ìyẹn wíńdò tẹ́ ẹ ti ń tẹ kómáǹdì, lẹ ti máa rán an. Tẹ́ ò bá fẹ́ràn tẹ́mínà, App Center wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi máùsì tẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa rán an ni sudo apt update (sudo ló ń fún kómáǹdì ní àṣẹ alábòójútó kọ̀ǹpútà). Èyí ò fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà o, ìwé àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú àká ló ń lọ mú wá, kó lè mọ ohun tó wà níbẹ̀ lónìí. Ó máa béèrè páswọ́ọ̀dù, ibẹ̀ sì ni àyà ti máa ń já àwọn èèyàn: ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan ò hàn, kò sí ìràwọ̀, kò sí àmì kankan, ẹ máa rò pé kíbọ́ọ̀dù ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ó ń gbọ́ yín, ó kàn fi í pa mọ́ kẹ́ni tó wà lẹ́yìn yín má bàa ka iye lẹ́tà ẹ̀ ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, kẹ́ ẹ tẹ Enter.

Ẹ wá fẹ́ fi VLC tí wọ́n fi ń wo fídíò sí i, ẹ ní sudo apt install VLC, ó sì dá yín lóhùn pé E: Unable to locate package VLC. Ohun tó ń sọ ni pé òun wá orúkọ yẹn nínú ìwé òun, òun ò rí i. VLC wà níbẹ̀ o! Lẹ́tà ńlá lẹ fi kọ ọ́, orúkọ inú àká sì jẹ́ lẹ́tà kékeré látòkèdélẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní vlc, wẹ́rẹ́ ló máa wọlé. Tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà, ẹ fi apt search wá orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀. Àwọn kan sì wà tí ò sí nínú àká rárá, bíi Google Chrome, ẹ lọ gba .deb tiẹ̀ lórí sáìtì Google fúnra wọn, kì í ṣe ibòmíì.

Èyí tó ń dùn mí jù ni Could not get lock, torí ó ti ṣe mí rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà ni, mo fẹ́ fi nǹkan sí i, ó ní òun ò rí lock-frontend gbà, pé nǹkan kan tó ń jẹ́ unattended-upgr ló mú un dání. Mi ò ka ìyẹn. Mo rí kómáǹdì kan tó ní kí n pa fáìlì lock yẹn rẹ́, mo sì pa á rẹ́, àṣé Ubuntu fúnra ẹ̀ ló ń ṣe àtúnṣe ààbò lábẹ́lẹ̀, bí méjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sínú ìwé kan náà nìyẹn, iṣẹ́ dá sáàárín, kò sì gba ohunkóhun mọ́ láti ìgbà yẹn. Ẹni tó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ló ti ilẹ̀kùn, ẹ dúró kó jáde, ẹ má fọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ fún un ní bíi ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó tún un gbìyànjú. Ohun tó wá yọ mí ni gbólóhùn kan tó ti ń kọ sójú mi látàárọ̀, pé dpkg was interrupted (dpkg ni irinṣẹ́ tí apt ń lò láti fi gbé sọ́fúwíà sílẹ̀), pé kí n fọwọ́ ara mi tẹ sudo dpkg --configure -a. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ó parí iṣẹ́ tó kù, ó tán.

Unmet dependencies ńkọ́? Sọ́fúwíà yẹn nílò àwọn míì tí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́, wọn ò sì sí níbẹ̀. Àwọn tó ń lo dpkg -i ló sábà máa ń kó sí i, torí ohun tẹ́ ẹ bá gbé fún un nìkan ló ń gbé sílẹ̀, kì í bá yín wá ẹlẹgbẹ́ ẹ̀. Apt ló ń wá wọn. Ẹ wọ inú fódà Downloads, ẹ ní sudo apt install ./orúkọ-fáìlì.deb, ẹ má gbàgbé dọ́ọ̀tì àti slash tó wà níwájú yẹn, òun ló ń sọ fún un pé inú fódà yìí ni kó wò, kì í ṣe inú àká. Tó bá ti dàrú tẹ́lẹ̀, ẹ lo sudo apt --fix-broken install. Àmọ́ mo fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tó tẹ Y, ẹ ka ibi tó bá ti kọ The following packages will be REMOVED. Apt lè pinnu pé kóun yọ nǹkan míì kúrò kí tuntun lè ráyè, tẹ́ ẹ bá rí gnome-shell tàbí gdm3, àwọn tó ń gbé ojú Ubuntu tẹ́ ẹ ń fi máùsì tẹ̀ wá, nínú àwọn tó fẹ́ yọ, N ni kẹ́ ẹ tẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà padà, ojú dúdú àti lẹ́tà funfun lásán lẹ máa bá.

Tó bá ṣì kọ̀, ẹ wò ó bóyá tiyín ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ tẹ lsb_release -a, ó máa sọ irú Ubuntu tẹ́ ẹ ń lò, 22.04 ni wọ́n ń pè ní Jammy, 24.04 ni Noble, .deb tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan lè má bá èkejì mu. Ẹ tún tẹ dpkg --print-architecture, kẹ́ ẹ lè mọ irú prósẹ́sọ̀ tí sọ́fúwíà yín gbọ́dọ̀ bá mu. Àwọn tó ń lo Intel máa ń sá fún fáìlì tí wọ́n kọ amd64 sí, wọn ò gbọ́dọ̀ sá, AMD ló kọ́kọ́ gbé e jáde ni wọ́n ṣe ń fi orúkọ ẹ̀ pè é, ó bá Intel náà mu, arm64 ni ò bá a mu. AppImage (sọ́fúwíà tí gbogbo ẹ̀ wà nínú fáìlì kan ṣoṣo) tẹ́ ẹ tẹ̀ tí ò ṣe nǹkan kan, ẹ lọ sí Properties ẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ bíi prógíráàmù, kẹ́ ẹ sì fi libfuse2t64 sí i, orúkọ tó ń jẹ́ lórí 24.04 nìyẹn, libfuse2 ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn kékeré tó kù: No space left on device, ẹ fi df -h wo ibi tó ti kún. Not valid yet, aago kọ̀ǹpútà yín ló wà lẹ́yìn, ẹ tún un ṣe. 404 lójoojúmọ́ lórí Ubuntu tí kì í ṣe LTS (LTS ni èyí tí wọ́n ń tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún), oṣù 9 péré ni wọ́n ń tọ́jú irú ìyẹn, lẹ́yìn náà wọ́n á kó àká ẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi ẹlòmíì, ẹ da gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ kọ látòkè délẹ̀, ẹ má kàn sọ pé ó kọ̀, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E: la máa kọ́kọ́ wá. Tẹ́ ẹ bá sì ti ti wíńdò yẹn pa, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló sọnù, ẹ tẹ less /var/log/apt/history.log, ẹ máa rí ọjọ́ àti aago, kómáǹdì tẹ́ ẹ tẹ̀, ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ti kúrò láìjẹ́ pé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ ẹ̀ wà níwájú Remove, ẹ fi apt install pè é padà.