Bí a ṣe ń tọ́jú ajá tàbí ológbò tí ìrìn ń ni lára

Ajá tí oríkèé ń dùn kì í sábà ké. Á kàn máa pẹ́ kó tó dìde, á máa lá ojú kan náà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ títí irun ibẹ̀ á fi pọ́n. Ológbò ní tirẹ̀ á ṣíwọ́ fífò sórí àga. Àwọn èèyàn á ní ogbó ni. Ìrora ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Kí ẹ tó gbé e lọ bá dókítà ẹranko, ẹ fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń dìde nílẹ̀ àti bó ṣe ń rìn nínú ilé. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n, wọn á sì rìn bíi pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n.

Oògùn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é bàjẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ má ṣe fún wọn ní oògùn ara ríro tèèyàn. Ẹyọ parasítámọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lè pa ológbò, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò lè palẹ̀ oògùn náà mọ́ kúrò lára bíi tiwa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ tó mí sínú káàkiri ara mọ́. Mo ti gbé irú ológbò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí: ojú rẹ̀ wú, èrìgì rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó fún un ní oògùn náà ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àánú ló ṣe é. Ibuprofen náà ń dá egbò sínú ajá, ó sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Kí ẹ gé e sí méjì tàbí mẹ́rin kò sọ ọ́ di oògùn ajá.

Irú oògùn tí dókítà máa ń kọ fún ajá ni carprofen tàbí meloxicam, ìwọ̀n ara ajá yẹn gan-an ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ. Tí ẹ bá gbàgbé lánàá, ẹ má fún un ní ìlọ́po méjì lónìí. Tó bá ti ń lo prednisolone, ìyẹn oògùn sítẹ́rọ́ìdì, tẹ́lẹ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà, torí àwọn méjèèjì pọ̀ lè dá egbò síkùn. Tó bá ń bì, tó kọ oúnjẹ, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹ dá oògùn dúró, kí ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Àṣìṣe kejì máa ń wá lẹ́yìn tí oògùn bá ti ṣiṣẹ́. Ajá á fẹ́ sáré, inú olówó rẹ̀ á dùn, á tú u sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì kò ní lè dìde. Oògùn pa ìrora ni, kò tún oríkèé ṣe. Ní tèmi, okùn lọ́rùn ni kí ẹ máa fi mú un rìn: ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Kí ẹ tó mú un jáde, ẹ fi ooru sí oríkèé náà fún ìṣẹ́jú 10. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ tí ẹ rọ ìrẹsì tí a ò sè sí, tí ẹ sì mú lọ́wọ́ọ́rọ́, ti tó. Ẹ kọ́kọ́ gbé e lé ọrùn ọwọ́ yín; tí ẹ ò bá lè fara dà á, ó ti gbóná jù. Ìfarapa tuntun tó ń wú kò fẹ́ ooru; omi dídì tí ẹ fi aṣọ wé ni kí ẹ fi sí i.

Ẹ wá dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ kan lókè oríkèé, ìkejì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ rọra ká a, ẹ rọra nà án, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Tó bá yíjú wo ọwọ́ yín, ibẹ̀ ni kó mọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ajá rẹ̀ ní láti gba àṣẹ dókítà ná.

Fún ajá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ẹ má tíì ra nǹkan olówó ńlá. Ẹ mú àpò aṣọ tí a fi ń ra ọjà, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kó di ọ̀já tó ní ìdìmú méjì. Ẹ gbà á kọjá lábẹ́ ikùn, níwájú itan. Ẹ kàn bá a gbé díẹ̀ nínú ìwúwo rẹ̀ ni. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa tẹ ilẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣan á máa rọ sí i.

Ẹ gé èékánná rẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹní rọ́bà sí ọ̀nà tó ń gbà débi oúnjẹ. Tí ẹ bá fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ò kan egungun ìhà, ẹ dín oúnjẹ kù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún ya fídíò míì níbi kan náà, kí ẹ ka iye ìgbà tó gbìyànjú kó tó dìde, kí ẹ sì fi fídíò méjèèjì han dókítà.