Òróró kì í sọ ẹyin àtijọ́ di tuntun

"Fi òróró pa á lára, á pẹ́." Òótọ́ ni àwọn ẹlẹ́yin ń sọ. Èèpo ẹyin kan ṣoṣo ní ihò tín-ín-tìn-tín tó lé ní 7,000. Ibẹ̀ ni omi inú ẹyin ń gbà gbẹ, ibẹ̀ náà ni gáàsì kábọ̀n-dáyọ́ksáìdì ń gbà sá lọ, tí funfun ẹyin á fi máa ṣàn bí omi tí a bá fọ́ ọ sáwo. Òróró ń dí àwọn ihò yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ a ti sọ ọ́ di oògùn.

Ọjà ò tà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlẹ́yin wá sáré gbé òróró. Ó ti pẹ́ jù! Ọjọ́ tí adìyẹ yé e gan-an, ó pẹ́ tán ọjọ́ kejì, ló yẹ kí òróró kàn án. Èyí tó sì ti sán, má wulẹ̀ pa á lóróró: kòkòrò tó ti wọlé ò ní torí ẹ̀ jáde.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti omi tútù. Wọ́n á rí ìgbẹ́ adìyẹ lára ẹyin, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sínú bàsíà omi. Inú ẹyin á sún kì nítorí òtútù náà, á sì fa omi ìdọ̀tí yẹn wọlé. Bẹ́ẹ̀, adìyẹ fúnra rẹ̀ ti fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ẹyin kó tó yé e. Fífọ̀ ló ń ṣí i kúrò. Aṣọ gbígbẹ ni kí o fi nù ún. Bí fífọ̀ bá di dandan, kí omi náà gbóná díẹ̀ ju ẹyin lọ, kí ẹyin sì gbẹ dáadáa kó tó kan òróró.

Mo ti fi òróró tí mo fi dín àkàrà pa kéréètì méjì lára rí. Kò pẹ́ tó fi kan, ẹyin sì gba òórùn náà. Òróró ẹ̀pà tuntun ṣe é lò fún ìgbà díẹ̀. Òróró aláìláwọ̀, aláìlóòórùn tí wọ́n ń pè ní mineral oil, irú èyí tó ṣe é fi sí oúnjẹ, ló dára jù. Ọ́ìlì mọ́tò kọ́ o! Fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí o fi pa á, kó má máa kán sórí kéréètì.

Ẹyin tí àgbébọ̀ máa sàba lé, má fọwọ́ òróró kàn án rárá. Ihò yẹn ni ọmọ inú rẹ̀ ń gbà mí.

Kọ ọjọ́ sára kéréètì. Ẹyin tí a pa lóróró kì í tètè gbẹ, nítorí náà ó lè pẹ́ kó sì tún rì sísàlẹ̀ omi bí ẹyin àná, kó tan ẹni tó ń fi omi dán an wò. Tí o bá sì sè é, tí èèpo rẹ̀ ń bá funfun lọ, má bá ẹni tó tà á fún ọ jà. Bí ẹyin tuntun náà ṣe ń ṣe nìyẹn.