Bí mo ṣe fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pín ìlà méjì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá iye kan nínú gáàsì ìràwọ̀ kan, mo rò pé yóò sún mọ́ 69, èsì tí mo ń rí kò sì tó 5. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni mo pè é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra dátà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni iye kábọ́ọ̀nù 12 tó wà fún kábọ́ọ̀nù 13 (oríṣi kábọ́ọ̀nù tó wúwo jù ú lọ díẹ̀) kọ̀ọ̀kan nínú gáàsì CO, ìyẹn kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì, tó yí TW Hydrae ká, ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tó ti lo nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ọdún, irú tí oòrùn wa jẹ́ ní kékeré. Lọ́dọ̀ oòrùn wa, 89 ni. Nínú gáàsì tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ ìtòsí, bíi 69.

Ọ̀fẹ́ ni fáìlì ALMA (àwọn ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run, ní Chile), ẹni tó bá sì mọ CASA, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lórí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, lò mọ ìyókù. Mo mú ìlà 12CO (ìgbì rédíò tí CO oní-kábọ́ọ̀nù 12 ń tàn) ní 345.8 GHz, mo fi ti 13CO (oní-kábọ́ọ̀nù 13) ní 330.6 pín in. Ó gbé 3 jáde.

Mo tún ìṣirò ṣe. Ó tún di 3. Mo fura sí fáìlì, mo tún gbogbo ẹ̀ fà wálẹ̀, dátà tán mọ́ mi lọ́wọ́ lóru. Mo rántí pé àwòrán kan mọ́ kedere ju èkejì lọ, mo mú wọn dọ́gba. 3 àti díẹ̀! Mo tiẹ̀ ti fẹ́ máa pariwo pé mo rí ohun tuntun, Ọlọ́run ló kó mi yọ.

Ìgbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó rẹ́rìn-ín. “Àbúrò, ta ló sọ fún ẹ pé gbogbo 12CO yẹn lo rí?” Àṣé mo dúró sẹ́nu ọ̀nà òde ìnáwó, mo ka orí àwọn tó wà níwájú, mo ní mo ti mọ iye èèyàn tó wá. 12CO pọ̀ débi pé ti iwájú bo ti ẹ̀yìn mọ́lẹ̀; 13CO ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní “ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n,” àmọ́ inú mi ń ru.

Etí ìlà ni kéèyàn lọ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èrò ò pọ̀ níbẹ̀, gbogbo orí ló ṣeé kà. Ṣùgbọ́n ó ṣe bàìbàì débi pé ariwo ẹ̀rọ fẹ́ẹ̀ gbé e mì. Mo ní láti pín gáàsì náà sí òrùka òrùka, kí n yẹ ìlà ibi kọ̀ọ̀kan sípò torí bí gáàsì náà ṣe ń yí po, kí n tó pa wọ́n pọ̀.

Ó jáde! Nínú, bíi 20. Lóde, ó fò kọjá 80. Mo jó nínú yàrá. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé Yoshida àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2022: 20 ní ibi tó jìn sí ìràwọ̀ náà ní ìlọ́po 70 sí 110 ọ̀nà ayé sí oòrùn, ó ju 84 lọ níbi tó kọjá 130. Èmi àti wọn bára mu, ìyẹn dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ká ní mo ti kà á ṣáájú!

Ẹ má sì fa fáìlì tútù, tí wọn ò tíì ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bíi tèmi. Èyí tí wọ́n ti sè wà nísàlẹ̀ ojú ewé tí mo ti fà á gan-an, èmi ni mi ò wo ìsàlẹ̀.