Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ Erédò nínú láíbírì yunifásítì wa

Ọdún tí mo ṣe prójẹ́ẹ̀tì ni mo tó mọ bí wọ́n ṣe ń lo láíbírì. Ṣáájú ìgbà yẹn, tí mo bá wọbẹ̀, jọ́tà mi ni mo máa ń kà, mi ò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìwé wà rárá.

Erédò Súngbọ́ ni mo fi ṣe prójẹ́ẹ̀tì, yàrà ńlá tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tó gùn tó 160 kìlómítà, tí ibòmíì nínú ẹ̀ sì jìn tó mítà 20. Ìjẹ̀bú-Òde nilé wa, ibẹ̀ ò jìnnà sí Òkè-Ẹ̀rí níbi ojúbọ Bìlíkísù Súngbọ́, obìnrin tí ìtàn ní ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà, àtikékeré la ti ń gbọ́ ìtàn ẹ̀, àmọ́ súpáfáísọ̀ mi ní ìtàn ẹnu nìkan ò tó, kí n lọ wá ohun tí àwọn onímọ̀ kọ.

Mo mú rìsíìtì owó iléèwé àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ, wọ́n ṣe káàdì fún mi. Ẹnu ọ̀nà lẹ máa fi báàgì sí, wọ́n á fún yín ní táàgì (ẹ yáa yọ owó fọ́tókọ́pì dání kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn o).

Ìdí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wá ìwé ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo tẹ "Eredo", kò gbé nǹkan kan wá. Mo ti dìde kí n máa lọ nígbà tí ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bi mí pé, "Kí lò ń wá, ọmọ mi?" Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ìwé Erédò ni mà." Wọ́n ní kí n tẹ ohun tó tóbi jù ú lọ, kí n tẹ "Ijebu", kí n tún tẹ "Yoruba" pẹ̀lú "history". Bí ìwé ṣe ń jáde nìyẹn! Wọ́n wá ṣàlàyé nọ́ńbà tó wà lára àwọn ìwé náà fún mi, DT515.45 .Y67: DT ni ìtàn Áfíríkà, 515 ni Nàìjíríà, Y67 yẹn làwa Yorùbá.

Èyí tí mò ń wá, A85 ló parí nọ́ńbà tiẹ̀. Mo débi A9, mo tún ń lọ sápá ọ̀tún, mò ń wá a títí, torí lójú tèmi 85 ju 9 lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, bíi dẹ́símà ni wọ́n ṣe ń to nọ́ńbà tó bá tẹ̀ lé lẹ́tà yẹn, 0.85 kéré sí 0.9, apá òsì ló ti ń dúró dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí kẹ́ ẹ tó sọ pé wọ́n ti jí ìwé gbé.

Ojú ìwé méjì péré ni ìwé yẹn fi sọ Erédò. Èyí tó fara tì í ló gbà mí. Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ níbi tí wọ́n to ìwé tí wọ́n lò sí, mo rí àpilẹ̀kọ tí onímọ̀ kan, P. C. Lloyd, kọ nípa Erédò ní 1959 nínú jọ́nà Odù, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀. Ká ní wọ́n kàn lọ bá mi mú ìwé kan ṣoṣo yẹn wá ni, mi ò ní rí i láé.

Mo gbé orúkọ ẹ̀ lọ sí sẹ́kíṣọ̀n àwọn jọ́nà. Wọ́n ti rán ti ọdún mélòó kan pọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ le, etí bébà ti pọ́n bíi ewé gbígbẹ, mò ń fi ìka méjì ṣí i pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀. Wọn kì í yá èèyàn gbé lọlé, mo ṣe fọ́tókọ́pì.

Nígbà tí mo parí, mo fi ẹ̀dà prójẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀ ní láíbírì bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é. Mo rí i dájú pé "Eredo" wà nínú àkọlé ẹ̀, kẹ́ni tó bá tún tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà yẹn lè rí nǹkan.