Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì Àbújá, bẹ́ ẹ bá fẹ́ dín àwọn tó ń kó ọjà fún yín kù, ẹ ṣọ́ra fún àwọn àṣìṣe yìí

Iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Kubwa tàbí Nyanya lè máa ra ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ṣúgà lọ́wọ́ ẹni méjì, kí yíìsì, bọ́tà, iyọ̀ àti ọ̀rá sì ní ẹni tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò burú láti dín wọn kù. Ibi tí kò yẹ ní gígé lọ̀pọ̀ ń gé.

Èyí tó burú jù ni kíka orí èèyàn láìka ojú ọ̀nà. Ẹ lè dá alágbàtà méjì sí, kí ọkàn yín balẹ̀, kó sì jẹ́ pé Àpápá làwọn méjèèjì ti ń kó ìyẹ̀fun, tí ọkọ̀ wọn ń gba Lọ́kọ́ja kọjá. Lóṣù kẹwàá 2022, Odò Ọya bo títì ní Koton-Karfe, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Àbújá. Ọkọ̀ há síbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, epo bẹntiróòlù pàápàá wọ́n ní Àbújá. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, alágbàtà méjì ò yàtọ̀ sí ẹyọ kan. Ẹ bi wọ́n: ilé ìlọyẹ̀fun wo? Ọ̀nà wo? Ilé ẹrù ta ni? (Wọn kì í fẹ́ dáhùn ìbéèrè kẹta yẹn.) Bí ọ̀kan bá ń gba Lọ́kọ́ja, kí èkejì máa kó tiẹ̀ láti Kánò, kó gba Kàdúná wá. Tẹ́ ẹ bá ń ra 100 àpò lọ́sẹ̀, ẹ ra 70 lọ́wọ́ ọ̀kan, 30 lọ́wọ́ èkejì. Ẹni tẹ́ ẹ ń ra àpò 5 péré lọ́wọ́ rẹ̀ ò ní rántí yín nígbà ọ̀wọ́n.

Ẹ má fi iye orí àpò nìkan yan ẹni tẹ́ ẹ máa dá sí. Ká ní ẹnì kan ń tà á ní ₦60,000, tẹ́ ẹ tún san ₦1,200 owó ọkọ̀ àti ₦300 fún alábàárù; èkejì ń gbé e délé fún yín ní ₦61,200. Ti èkejì ló pọ́ọ́kú, pàápàá tó bá ń fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìyẹ̀fun ilé ìlọ kan kì í mu omi bíi ti òmíràn. Lórí àpò 50kg, ìyàtọ̀ lè tó lítà kan sí méjì. Tí ẹni tó ń pò ó ò bá tún òṣùwọ̀n ṣe, búrẹ́dì á le tàbí kó rì láàárín. Ẹ fi àpò méjì dán an wò ná kẹ́ ẹ tó yí oníyẹ̀fun padà.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ gé. Oníyẹ̀fun sábà máa ń ní ṣúgà, yíìsì àti bọ́tà nílé ẹrù rẹ̀. Ẹ máa rà wọ́n pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi gba ẹ̀dínwó. Ṣùgbọ́n ẹ wo déètì tó wà lára yíìsì.

Kẹ́ ẹ tó fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ẹ jọ jókòó ka ìwé: owó àsansílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè yín, àpò tẹ́ ẹ dá padà tí kò tíì pààrọ̀. Kó fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín.