Ìràwọ̀ Tó Já ní Òmù-Àrán, àti Géètì Tó Ba Ìjábọ̀ Mi Jẹ́

Owó mọ́tò lílọ àti bíbọ̀ láti Ìlọrin sí Òmù-Àrán, pẹ̀lú oorun alẹ́ kan, ni mo ná lórí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tó já. Ó ṣì ń dùn mí, torí géètì onírin ló fà á.

Mímọ̀ bóyá ó tó ohun tí à ń jábọ̀ kò le. Àgùàlà ni òṣùwọ̀n, èyí tó ń bá oṣù rìn tí wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. American Meteor Society, ẹgbẹ́ tó ń gba irú ìjábọ̀ yìí, fi ààlà fireball, ìyẹn ìràwọ̀ tó já tó mọ́lẹ̀ gan-an, sí -4 (bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń wọ abẹ́ òdo sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀), Àgùàlà kò sì jìnnà síbẹ̀. Èyí tí mo rí tàn jù ú lọ fíìfíì: òjìji òpó iná hàn lórí ilẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 3 péré ló lò. Ká ní ó rọra ń fà lọ tó 30 ni, àfọ́kù sátẹ́láìtì ni ǹ bá pè é.

Ní ti aago, ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú tiwa kó lè di UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ó parí.

Kọ́ńpáàsì ló fìyà jẹ mí. Fọ́ọ̀mù ìjábọ̀ ń béèrè apá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó kú sí ní dígírì: àríwá ni 0, ìlà-oòrùn 90. Ẹ̀gbẹ́ géètì ni mo ti fi fóònù wò ó, mọ́tò kan sì wà lẹ́yìn mi. Irin máa ń da kọ́ńpáàsì fóònù láàmú. Tèmi yà tó nǹkan bí dígírì 40, n kò fura. Ibi tí ìlà ẹni méjì bá ti pàdé ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ìràwọ̀ gbà, ṣùgbọ́n ìlà mi àti ti ẹni tó wò ó láti Ọ̀fà kò pàdé níbì kankan. Ìjábọ̀ mi di òfo.

Èèyàn ò lè jókòó sí Ìlọrin tún un ṣe. Ojú ibi tí mo ti rí i gan-an ni mo padà sí. Mo jìnnà sí irin tó mítà 10, mo fi fóònù ya 8 nínú afẹ́fẹ́ kí ó lè tún ara rẹ̀ tò, mo kọjú sí òrùlé tí ìràwọ̀ náà gbà lókè rẹ̀, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyàtọ̀ wọn kò ju dígírì 2 lọ! Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo fi ìràwọ̀ àríwá yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dọ̀ wa, nǹkan bí dígírì 8 ló fi ga ju ilẹ̀ lọ, ọyẹ́ sì máa ń bò ó. Ìkúùkù kan, téèyàn bá na apá tán, jẹ́ dígírì 10; òun ni mo fi wọn gíga. Ẹ wọ̀n ọ́n o, ẹ má fojú díwọ̀n: ohun tó wà ní dígírì 50 máa ń dà bíi pé ó wà lókè orí gan-an.

Ìlà tuntun náà pàdé ti Ọ̀fà. Ní báyìí, kí n tó ṣípò níbi tí mo ti rí irú rẹ̀, òkúta ni mo kọ́kọ́ ń fi sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ mi wà.