Bí a ṣe ń wọ ààfin àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti orí fóònù, bẹ̀rẹ̀ láti Ẹnuwá ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tó bá ṣí Google Arts & Culture, ìkànnì tí a ti ń wo ohun inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, láìmọ ohun tó ń wá dà bí ẹni tó wọ ọjà Odò-Ògbè láìmọ ohun tó fẹ́ rà. Á rìn títí á fi rẹ̀ ẹ́, dátà á tán, kò sì ní rántí ohun kan tó rí. Nítorí náà, ẹ mú ohun kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó wọlé.

Fún ará Ilé-Ifẹ̀, ohun náà kò jìnnà rárá. Ní 1938, àwọn tó ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, hú àwọn orí idẹ jáde. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Orí tó dé adé ni, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni Af1939,34.1. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé, òun ni yóò mú wa rìn.

Ohun méjì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn sì sábà máa ń dà wọ́n pọ̀. Èkíní ni àkọsílẹ̀ ẹrù, níbi tí wọ́n ti kọ nǹkan kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, ọjọ́ orí, ibi tó ti wá àti àwòrán rẹ̀. Èkejì ni ìrìn inú ilé, níbi tí ẹ ó ti máa lọ láti yàrá dé yàrá bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn. Ìrìn ló dùn ún wò, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ló lẹ́kọ̀ọ́ nínú. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lọ sí ìkànnì British Museum, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Collection sí, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà náà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, pẹ̀lú kọ́mà, láìfi àlàfo sí i. Tí orí náà bá ti jáde, ẹ fẹ àwòrán rẹ̀ sí i. Ẹ wo àwọn ìlà tínrín tó sọ̀ kalẹ̀ lójú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí i pé ètè nìkan ni wọn ò fà á sí. Ẹ wo adé náà dáadáa, nítorí àmì ọ̀dà pupa àti dúdú ṣì kù lára rẹ̀. Ẹni tó dúró síwájú gíláàsì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí èrò ń tì í síwá sẹ́yìn, lè má ráyè rí ìyẹn.

Àkọtọ́ máa ń dààmú ènìyàn níbí. Tẹ́ ẹ bá tẹ "Ifẹ̀" pẹ̀lú àmì ohùn, àkọsílẹ̀ míràn lè má mú nǹkan kan jáde. Ẹ tẹ "Ife" lásán. Àwọn òyìnbó tó kọ nǹkan sílẹ̀ láyé ìjọba amúnisìn kọ ọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ: "Oni" dípò Ọọ̀ni, "Oshogbo" dípò Òṣogbo. Ará Iléṣà tó bá ń wá nǹkan ìlú rẹ̀, kó dán "Ilesha" wò pẹ̀lú "Ilesa", torí pé ohun tí ọ̀kan kò mú jáde, èkejì lè mú un jáde.

Ó wá kan ìrìn. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Google Maps, kẹ́ ẹ wá British Museum. Ẹ di ọkùnrin kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún mú, ẹ fà á wá sórí ilé náà. Níbi tí àwọ̀ aró bá ti yọ, ibẹ̀ ló lè balẹ̀ sí. Ẹ tẹ ọfà láti lọ síwájú, ẹ fa àwòrán láti wo ẹ̀gbẹ́. Lórí fóònù, ẹ fìka méjì fẹ àwòrán tẹ́ ẹ bá fẹ́ sún mọ́ nǹkan. Yàrá 25 ni ti Áfíríkà, ìsàlẹ̀ ilé ló sì wà, nítorí náà ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan àjà ilé, ẹ má kàn máa yí gbọ̀ngàn òkè ká.

Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ ò rí orí náà, ẹ má bínú. 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìrìn inú ilé yìí jáde, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń ṣí ẹrù nípò. Oṣù àti ọdún tí wọ́n ya àwòrán máa ń wà létí ojú ìwé; ẹ kọ́kọ́ wò ó. Tí ìrìn àti àkọsílẹ̀ bá takora, àkọsílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́.

Èyí tó ń bà jẹ́ jù kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀bi ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Tí wọ́n bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín lórí Facebook, inú Facebook fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ṣí sí, ojú ìwé á dúdú tàbí kó funfun báláú. Ẹ tẹ àmì mẹ́ta (⋮ tàbí …) tó wà lókè, kẹ́ ẹ yàn án pé kó ṣí nínú Chrome. Opera Mini tó ń fún dátà pọ̀ kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí ibòmíràn ló ti ń se ojú ìwé kó tó gbé e wá fún yín, ìrìn sì nílò kí fóònù yín fúnra rẹ̀ to àwòrán náà jọ. Tẹ́ ẹ bá gbé fóònù yí ká tí àwòrán kò sì bá yín yí, ó ṣeé ṣe kí fóònù náà má ní gyroscope, ohun tó ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tí wọ́n yí i sí. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ni kò ní in. Ẹ fi ìka fà á, kò sí ohun tẹ́ ẹ pàdánù.

Tí àwòrán bá rí bàìbàì, ẹ dúró. Ègé kéékèèké ló ń wọlé, èyí tí kò mọ́ ló ń kọ́kọ́ dé, kí èyí tó mọ́ tó tẹ̀ lé e. Ibi tẹ́ ẹ bá wò nìkan ló ń gbà wọlé, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń yí ká bí òkòtó ní gbogbo yàrá fi ń jó dátà. Ẹ rìn tààrà, ẹ dúró níwájú ohun tẹ́ ẹ wá wò. Kẹ́ ẹ lè mọ iye tó ń ná yín, ẹ wo dátà tí Chrome ti lò nínú Settings, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ tún wò ó.

Fídíò tó yí ká (360°) lórí YouTube yàtọ̀. Òun ń gba gbogbo àyíká wọlé, ẹ̀yin sì ń wo bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ní fífẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 480p, ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó, tó mọ́ nínú fídíò lásán fi ń rí bàìbàì níbẹ̀. Tí dátà kò bá tó, ẹ fi í sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ibì kan nínú àwòrán ló rí bàìbàì tí ìyókù mọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bò ó ni. Ẹ̀tọ́ ayàwòrán tó ṣì ń bẹ lórí iṣẹ́ rẹ̀ ló sábà ń fà á. Nígbà míràn sì ni ẹ̀rọ tó ń bo ojú ènìyàn á ṣì bo ojú ère.

Ní ti ààfin, ohun tí ẹ ó rí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Buckingham, ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ní yàrá 775, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn àlejò díẹ̀ ni wọ́n ṣí lórí ìkànnì ọba, lára wọn ni àtẹ̀gùn ńlá àti yàrá ìtẹ́. Kò yẹ kó ya ọmọ Ifẹ̀ lẹ́nu. Ta ló ń mú àlejò wọ yàrá ọba? Versailles ní ilẹ̀ Faransé ni mo fẹ́ràn jù fún ọmọ ilé ìwé. Gbọ̀ngàn dígí ibẹ̀ gùn ní mítà 73, dígí 357 ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àlàáfíà ní 1919 lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ààfin tí dígí pọ̀ sí, ẹ lè rí kámẹ́rà tó ń ya àwòrán náà nínú dígí, tí wọ́n fi aṣọ dídán bò bí egúngún.

Fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fẹ àwòrán, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Rijksmuseum ní Amsterdam ya fọ́tò The Night Watch, àwòrán ọlọ́dà tí ayàwòrán Rembrandt parí ní 1642, pẹ̀lú bílíọ̀nù píksẹ́lì 717 (ìyẹn àwọn ẹ̀ún kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán). Ẹ lè rí ibi tí ọ̀dà ti sán. Fún ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí ẹrù wa fọ́nká dé, ẹ ṣí Digital Benin, ìkànnì tó to àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Benin tó wà káàkiri ayé jọ. Ó jáde ní 2022 pẹ̀lú nǹkan tó ju 5,000 lọ, láti ilé 131 ní orílẹ̀-èdè 20, ó sì to orúkọ wọn ní èdè Ẹ̀dó. Inú máa ń bí mi díẹ̀ pé a ò tíì ní irú rẹ̀ fún Ifẹ̀.

Olùkọ́ tó fẹ́ fi èyí han kíláàsì kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́jọ́ náà. Kó ya ojú fóònù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwòrán mẹ́wàá tó, kó fi nọ́ńbà ẹrù sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán British Museum kì í ṣe fún títà. Ti Metropolitan Museum ní New York tí wọ́n kọ Public Domain sí lára, kò ní ìdènà kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé àwòrán orí Wúnmọníjẹ̀ yẹn sínú fóònù, ẹ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Ẹnuwá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, kẹ́ ẹ fi wé àwọn orí amọ̀ ibẹ̀: èwo ló ní ìlà lójú, èwo ni ojú rẹ̀ mọ́ láìní ìlà? Ẹ bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò.